Iná Mẹ́ta Inú Ẹ́ńjìnnì: Àlàyé lórí Yíyan Kọ́ìlì àti Pulọ́ọ̀gì fún Ọkọ̀ Onísúpáṣájà

1.0 Ìfáàrà

Iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Kí mọ́tò tó dé ni àwọn alágbẹ̀dẹ ti ń fi ẹwìrì fẹ́ iná, tí wọ́n sì mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni iná yóò ṣe le tó. Ògún tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń bọ náà ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ àti mẹkáníìkì gbà ní olúwa iṣẹ́ wọn. Kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, nígbà náà, pé lára àwọn ọkọ̀ tí ń wọ ọgbà mẹkáníìkì ní Òṣogbo àti Iléṣà ni a ti rí ọkọ̀ tí ó gbé ẹwìrì tirẹ̀ sínú. Ọkọ̀ náà ni Mercedes-Benz tí a kọ ọ̀rọ̀ 'Kompressor' sí ìdí rẹ̀, èyí tí ó wọ ilẹ̀ Nàìjíríà púpọ̀ gẹ́gẹ́ bí tòkúnbọ̀.

Àìsàn kan wà tí irú ọkọ̀ yìí máa ń ṣe. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, yóò máa sáré geerege. Ṣùgbọ́n bí ó bá dé ibi òkè, bí irú èyí tí ó wà láàrin Ìwàràjà àti Ẹ̀fọ̀n Aláayè, tí awakọ̀ sì tẹ iná mọ́ ọn, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, yóò máa ta gìrì, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Wọn yóò pààrọ̀ kọ́ìlì kan. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, kọ́ìlì tuntun náà yóò tún kú. Owó ti lọ, àìsàn kò lọ.

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé bí a ṣe ń yan kọ́ìlì àti pulọ́ọ̀gì fún ọkọ̀ onísúpáṣájà. Èrò tí ó dúró lé lórí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, 'iná', ni a ń lò fún ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ẹ́ńjìnnì, àti pé níbi tí a bá ti da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni àṣìyàn ti ń wáyé. Bí a bá yà wọ́n sọ́tọ̀, èdè Yorùbá tó láti fi gbé gbogbo àlàyé náà kalẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́, kì í ṣe láti sọ ohun tí yóò ṣe fún un nìkan, bí kò ṣe láti sọ ìdí tí yóò fi ṣe é.

2.0 Ẹwìrì Inú Ọkọ̀: Kí ni Súpáṣájà?

Ẹ́ńjìnnì tí kò ní súpáṣájà máa ń fa afẹ́fẹ́ símú fúnra rẹ̀. Bí pisítìn bá ń lọ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ ìta yóò wọlé láti dí àyè tí ó ṣí sílẹ̀. Súpáṣájà yàtọ̀ sí èyí ní ti pé ẹ̀rọ tí ń ti afẹ́fẹ́ ni. Bẹ́líìtì tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí ni ó ń yí i, yóò sì máa ki afẹ́fẹ́ mọ́ inú sílíńdà ju bí sílíńdà ìbá ti lè fà á lọ. Tọ́bò náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n èéfín tí ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí tọ́bò, kì í ṣe bẹ́líìtì.

Fífi í wé ẹwìrì kì í ṣe àfiwé lásán. Ní 1860, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Amẹ́ríkà, Philander àti Francis Roots, gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ kan tí ń ti afẹ́fẹ́, èyí tí a lò fún fífẹ́ iná níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni a sọ di súpáṣájà nígbà tí mọ́tò dé. Ilé-iṣẹ́ Mercedes ṣe àfihàn ọkọ̀ oníkompressor rẹ̀ ní Berlin ní 1921. Nígbà tí ó di 1995, Mercedes-Benz gbé C 230 Kompressor jáde, nígbà tí ó sì di 2002, ẹ́ńjìnnì M271 onílítà 1.8 dé. Sílíńdà mẹ́rin ni M271 ní, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan sì jókòó sórí pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ó yẹ kí a fi sọ́kàn ni ìfúnpá. Ìfúnpá afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká jẹ́ nǹkan bí báà 1. Bí súpáṣájà bá fi ìdajì báà kún un, afẹ́fẹ́ tí yóò wọ sílíńdà yóò di ìlọ́po 1.5 ti tẹ́lẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo púpọ̀ ni yóò lè jó, agbára yóò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀fúùfù tí ń mú iná igbó ràn náà ni ó ń pa iná fìtílà. Afẹ́fẹ́ kan náà tí ó fún ẹ́ńjìnnì ní agbára ni yóò ni pulọ́ọ̀gì lára.

3.0 Iná Mẹ́ta tí ó Yẹ kí a Yà Sọ́tọ̀

Bí mẹkáníìkì bá sọ pé 'iná kò dé', ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ó ní lọ́kàn. Èkíní ni iná mànàmáná, èyí tí ó ti ara bátìrì wá, tí kọ́ìlì sì sọ di alágbára. Èkejì ni iná wínníwínní tí ń fò láti etí kan dé etí kejì lẹ́nu pulọ́ọ̀gì. Iṣẹ́ yìí yóò máa pe èyí ní ẹ̀ta-iná. Ẹ̀kẹta ni iná epo, ìyẹn jíjó tí epo àti afẹ́fẹ́ ń jó nínú sílíńdà, tí ooru rẹ̀ sì ń ti pisítìn sísàlẹ̀.

Iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò tẹ̀lé ara wọn: èkíní ni ó bí èkejì, èkejì ni ó bí ẹ̀kẹta. Ìbéèrè kan sì wà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti iná mànàmáná ni pé: irú kọ́ìlì wo? Ti ẹ̀ta-iná ni pé: báwo ni àlàfo ẹnu pulọ́ọ̀gì yóò ti fẹ̀ tó? Ti iná epo ni pé: pulọ́ọ̀gì tútù tàbí gbígbóná?

4.0 Iná Mànàmáná: Yíyan Kọ́ìlì

Wáyà méjì ni ó wà nínú kọ́ìlì, a sì ká méjèèjì yí irin kan po. Èkíní nípọn, a sì ká a ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, a sì ká a ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Iná bátìrì, tí ó jẹ́ fóltì 12, ń gba inú wáyà àkọ́kọ́. Bí a bá já iná yìí lójijì, agbára tí ó ti kó jọ sára irin náà yóò bú jáde nínú wáyà kejì, yóò sì lè di fóltì 20,000 sí 40,000. Òfin tí èyí ń tẹ̀lé ni Michael Faraday ṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1831.

A lè fi kọ́ìlì wé àmù. Ó gbọ́dọ̀ kún kí a tó dà á. Bí a bá yára dà á kí ó tó kún, omi díẹ̀ ni yóò jáde. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan yóò máa taná ní ìgbà 3,000, èyí tí ó jẹ́ ìgbà 50 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú ọkọ̀ àtijọ́ bí i Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kọ́ìlì kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ bá sáré dé ìwọ̀n yìí, kọ́ìlì náà yóò ní láti kún kí ó sì dà ní ìgbà 200 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdí nìyí tí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan fún pulọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan fi dára fún ọkọ̀ onísúpáṣájà: ó fún àmù kọ̀ọ̀kan ní àyè láti kún.

Nígbà tí a bá fẹ́ yan kọ́ìlì, ohun mẹ́rin ni ó ṣe kókó. Àkọ́kọ́, kí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti ẹ́ńjìnnì náà mu. Kọ́ìlì méjì lè jọ ara wọn bí ìbejì, kí ọ̀kan ní ẹ̀rọ tí ń já iná nínú, kí èkejì má ní in. Bí a bá fi ọ̀kan dípò èkejì, ó lè ba ọpọlọ ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréènì-bọ́ọ̀sì, jẹ́. Èkejì, bí súpáṣájà bá wà bí ilé-iṣẹ́ ti ṣe é, kọ́ìlì ojúlówó irú ti ilé-iṣẹ́ tó. Ìgbà tí a bá mú ìfúnpá pọ̀ sí i ni a ń ronú kan kọ́ìlì alágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, bátìrì, wáyà àti ọpọlọ ọkọ̀ sì gbọ́dọ̀ lè bọ́ ọ. Ẹ̀kẹta, kí a yẹ rọ́bà tí ó so kọ́ìlì mọ́ pulọ́ọ̀gì wò. Bí ó bá sán tàbí tí ọ́ìlì ti rin ín, iná mànàmáná yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sá lọ. Ẹ̀kẹrin, kí a dán an wò kí a tó rà á. Kí a yọ kọ́ìlì tí a fura sí, kí a gbé e sórí sílíńdà mìíràn. Bí àìsàn bá bá a lọ síbẹ̀, kọ́ìlì ni ó kú. Bí àìsàn bá dúró síbi tí ó wà, kọ́ìlì kò jẹ̀bi.

5.0 Ẹ̀ta-iná: Àlàfo Ẹnu Pulọ́ọ̀gì

Ẹ̀ta-iná gbọ́dọ̀ fo àlàfo kan kọjá kí epo tó lè gbiná. Ní 1889, onímọ̀ ará Jámánì kan, Friedrich Paschen, ṣe àlàyé pé fóltì tí iná mànàmáná nílò láti fo àlàfo dúró lórí ohun méjì tí a sọ di púpọ̀ nípa ara wọn: ìfúnpá afẹ́fẹ́ àti fífẹ̀ àlàfo náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ki, ó dà bí ẹni pé a fẹ àlàfo náà sí i.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò gbe èyí lẹ́sẹ̀. Kí á gbà pé ẹ́ńjìnnì kan tí kò ní súpáṣájà ń lo àlàfo mìlímítà 1.1, tí kọ́ìlì rẹ̀ sì ń ká a. Bí a bá fi súpáṣájà tí ó mú ìfúnpá di ìlọ́po 1.5 sí i, fóltì tí ó nílò yóò di nǹkan bí ìlọ́po 1.5 pẹ̀lú. Bí a kò bá fẹ́ kí kọ́ìlì ṣe ju agbára rẹ̀ lọ, a ó pín 1.1 sí ọ̀nà 1.5, yóò sì di nǹkan bí mìlímítà 0.73. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé láàrin mìlímítà 0.7 sí 0.8 ni ọ̀pọ̀ àlàfo tí a ń lò fún ọkọ̀ onísúpáṣájà máa ń bọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí súpáṣájà bá wà lára ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́, iye tí ìwé ọkọ̀ náà sọ ni kí a tẹ̀lé. Ilé-iṣẹ́ ti ṣe ìṣirò yìí tẹ́lẹ̀.

Ibí gan-an ni ìdáhùn sí ẹjọ́ ọkọ̀ tí ń wúkọ́ lórí òkè wà. Pulọ́ọ̀gì tí ó ti pẹ́ máa ń jẹ lẹ́nu, àlàfo rẹ̀ yóò sì máa fẹ̀. Ní ilẹ̀ títẹ́jú, ìfúnpá kéré, ẹ̀ta-iná ṣì lè fò ó. Lórí òkè, ẹwìrì ń ṣiṣẹ́ gidigidi, ìfúnpá ga, ẹ̀ta-iná kò sì lè fò ó mọ́. Iná mànàmáná tí kò rí ẹnu pulọ́ọ̀gì gbà kì í pòórá. Yóò wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì sábà máa ń jẹ́ rọ́bà tàbí inú kọ́ìlì fúnra rẹ̀, yóò sì jó o lu. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ kọ́ìlì tí ó fi pulọ́ọ̀gì ògbólógbòó sílẹ̀ kàn gbé kọ́ìlì tuntun lọ fún ohun tí ó pa ti àkọ́kọ́ ni. Kàkà kí ó sàn lára ìyá àjẹ́, ó ń fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

6.0 Iná Epo: Pulọ́ọ̀gì Tútù àti Pulọ́ọ̀gì Gbígbóná

Ọ̀rọ̀ 'tútù' àti 'gbígbóná' máa ń ṣi ọmọ iṣẹ́ lọ́nà. Ó lè rò pé pulọ́ọ̀gì gbígbóná ni ẹ̀ta-iná rẹ̀ le jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ìwọ̀n bí pulọ́ọ̀gì ṣe ń yára gbé ooru kúrò lẹ́nu ara rẹ̀ ni a fi ń sọ ọ́. Tánganran funfun tí ó wà nínú pulọ́ọ̀gì tútù kúrú nísàlẹ̀, nítorí náà ooru tètè ń gba ibẹ̀ lọ sára orí ẹ́ńjìnnì. Ti pulọ́ọ̀gì gbígbóná gùn, ooru sì ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹnu pulọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 500°C kí èédú tí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn tó lè jó dànù. Bí ó bá sì gbóná kọjá nǹkan bí 850°C, yóò pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, yóò sì máa tan iná ran epo kí ẹ̀ta-iná tó wá. Iná àìtásìkò nìyí. Pisítìn ṣì ń gòkè bọ̀ nígbà tí iná epo ti ń tì í sísàlẹ̀. Ìjà yìí lè dá orí pisítìn lu. Nítorí pé súpáṣájà ń mú ooru pọ̀ sí i, pulọ́ọ̀gì tí ó tutù ní ìpele kan ni a sábà ń yàn bí a bá fi súpáṣájà kún ẹ́ńjìnnì tí kò ní in tẹ́lẹ̀, tàbí bí a bá mú ìfúnpá rẹ̀ ga. Kò sì dára kí a sọ pé bí ó bá ti tutù tó ni yóò dára tó. Ọkọ̀ tí kì í ju kí ó lọ sọ́jà kí ó bọ̀ nígboro Òṣogbo lọ yóò kó èédú sẹ́nu pulọ́ọ̀gì tí ó tutù jù.

Pulọ́ọ̀gì fúnra rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí. Bí a bá yọ ọ́, tí tánganran ẹnu rẹ̀ ní àwọ̀ amọ̀ tí a sun díẹ̀, ó bá ẹ́ńjìnnì náà mu. Bí ó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, epo pọ̀ jù tàbí pulọ́ọ̀gì tutù jù. Bí ó bá funfun bí ẹfun, tí ó tún lé róró, ooru ti pọ̀ jù. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó bá rí àwọ̀ ẹfun kò gbọdọ̀ tún gbé ọkọ̀ náà gun òkè.

7.0 Nọ́ńbà Ara Pulọ́ọ̀gì àti Ọjà Ayédèrú

Nọ́ńbà wà lára pulọ́ọ̀gì tí ń sọ ìwọ̀n ooru rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ó ní èdè tirẹ̀. Lára NGK àti Denso, tí wọ́n jẹ́ ti Japan, bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni pulọ́ọ̀gì ṣe tutù tó. Lára Bosch ti Jámánì àti Champion ti Amẹ́ríkà, òdìkejì rẹ̀ ni: bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni pulọ́ọ̀gì ṣe gbóná tó. Àwọn tí wọ́n gba ọ̀nà kan náà pàápàá kò ka iye kan náà: 6 ti NGK dọ́gba pẹ̀lú 20 ti Denso, 7 ti NGK sì dọ́gba pẹ̀lú 22. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún òǹtajà pé kí ó fún òun ní 'nọ́ńbà tí ó ju èyí lọ' láìdárúkọ ilé-iṣẹ́ lè fi owó ara rẹ̀ ra iná àìtásìkò.

Yàtọ̀ sí ìwọ̀n ooru, gígùn àti fífẹ̀ ibi tí a ń yí wọlé gbọ́dọ̀ bá ti àkọ́kọ́ mu. Bí ó bá gùn jù, pisítìn lè gbá a. Bí ó bá kúrú jù, ẹ̀ta-iná yóò sá pamọ́ sínú ihò. Lẹ́tà R nínú nọ́ńbà NGK ń fi hàn pé pulọ́ọ̀gì náà ní ohun tí ń dín ariwo iná mànàmáná kù. Ọkọ̀ tí ó ní ọpọlọ kọ̀ǹpútà nílò rẹ̀. Ní ti ohun tí a fi ṣe ẹnu rẹ̀, bàbà ń tètè gbé ooru lọ, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, ṣùgbọ́n irú pulọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀ tètè ń jẹ. Pílátínọ́mù àti irídíọ́mù ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹnu irídíọ́mù tẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà fóltì tí ó nílò kéré díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi sáńpépà ha á, kí a sì má ṣe da bẹntiróòlù sí i lára láti fi iná sun ún, bí a ti ń ṣe fún pulọ́ọ̀gì àtijọ́.

Ọjà ayédèrú ni ó tún mú kí ọ̀rọ̀ yìí le. Ìkọ̀wé tí ó rí báṣubàṣu, orí tánganran tí ó dúró wọ́gọwọ̀gọ, àlàfo tí kò dọ́gba láàrin mẹ́rin inú páálí kan náà, àti owó tí ó kéré ju bí ó ti yẹ lọ jẹ́ àmì tí ó yẹ kí ó mú oníbàárà fura. Ìfura sì ni oògùn àgbà.

8.0 Ohun tí ó Kan Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ pulọ́ọ̀gì. Ìdáhùn ni pé àṣìṣe tí a ti ṣàlàyé wọ̀nyí, àṣìṣe èdè ni púpọ̀ nínú wọn. 'Iná' bo ohun mẹ́ta mọ́lẹ̀. 'Tútù' ń sọ ohun kan, ọmọ iṣẹ́ ń gbọ́ òmíràn. Bákan náà ni 'nọ́ọ̀kì', tí àwọn mẹkáníìkì wa ń lò fún ẹ́ńjìnnì tí ó ti bàjẹ́ pátápátá, ì báà jẹ́ àìsí ọ́ìlì ni ó pa á, ì báà jẹ́ iná àìtásìkò. Níwọ̀n ìgbà tí orúkọ ikú méjèèjì jẹ́ ọ̀kan, ọmọ iṣẹ́ kò ní wádìí èyí tí ó ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀rí wà nítòsí pé a lè fi Yorùbá kọ́ni ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí ó fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ilé-Ifẹ̀ kò jìnnà sí Iléṣà. Ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí ń gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yorùbá lójoojúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí irú àlàyé kan náà.

Olùkọ́ tí ń gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí ó lọ sí ọgbà mẹkáníìkì kan, kí ó kọ gbogbo gbólóhùn tí ó bá ní 'iná' nínú sílẹ̀, kí ó sì pín wọn sábẹ́ iná mẹ́ta tí a mẹ́nu bà. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ àlàyé ojú ìwé kan lórí yíyan pulọ́ọ̀gì, kí ó kà á fún ọmọ iṣẹ́ kan, kí ó sì béèrè ìdí, kì í ṣe ìlànà, lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ náà bá lè sọ ìdí tí àlàfo fi gbọ́dọ̀ dínkù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, àlàyé náà yege.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé yíyan kọ́ìlì àti pulọ́ọ̀gì fún ọkọ̀ onísúpáṣájà dúró lórí ìbéèrè mẹ́ta. Kọ́ìlì tí ó bá ẹ́ńjìnnì mu, tí ó sì ní àyè láti kún, ni yóò bọ́ iná mànàmáná. Àlàfo tí ó wà ní ìwọ̀n ìfúnpá ni yóò jẹ́ kí ẹ̀ta-iná fò. Pulọ́ọ̀gì tí kò gbóná jù, tí kò sì tutù jù, ni yóò tọ́jú iná epo. A sì ti rí i pé kọ́ìlì tí ń kú léraléra sábà máa ń jẹ́ ẹlẹ́rìí sí àlàfo pulọ́ọ̀gì tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀n.

Alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ kò fẹ́ ẹwìrì lásán; ó ń wo àwọ̀ irin, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Irú ojú bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ òde òní fi wo ẹnu pulọ́ọ̀gì. Èdè tí yóò fi ṣàlàyé ohun tí ó rí kò jìnnà sí i; iṣẹ́ olùkọ́ ni láti bá a tò ó.